Pẹ́lẹ́ńgẹ́ Yàtọ̀ sí Hangogo: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọ̀rọ̀ Àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì Tó Fara Jọra

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ tí ìdánwò ń dúró dè. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe inú èdè Gẹ̀ẹ́sì tó fara jọra, àwọn tí ẹni bá fi ojú lásán wò yóò rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, nítorí ó ti dùn mí rí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nílùú ọba. Wọ́n ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa kọ lẹ́tà láti jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀, ó sì wá bá mi. Mo fẹ́ràn ọmọ náà gan-an. Kì í pariwo, kì í fọ́nnu, ara rẹ̀ balẹ̀. Bí ó bá wọ ilé yín, kí ẹ tó mọ̀, ó ti gbálẹ̀, ó ti gbé omi kaná. Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà náà tọkàntọkàn. Mo ní ọmọ náà jẹ́ "simple", mo ní ó jẹ́ "homely". Mo rò pé mo ti gbé e ga.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìmeèlì dé. Ẹni tó kọ ọ́ fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọmọ náà lè dá ka ohun tí wọ́n bá kọ sára ìgò oògùn. Ẹnu yà mí. Ọmọ tó gba A1 nínú Báyọ́lọ́jì! Ìgbà tí mo tún lẹ́tà mi kà ni mo tó rí ohun tí mo ṣe. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá pe ènìyàn ní "simple", ohun tí wọ́n ń fi ọgbọ́n sọ ni pé òye rẹ̀ kò kún tó. "Homely" ní tiẹ̀ ń rìn lọ́nà méjì. Nílùú ọba, ilé tó tuni lára ni wọ́n sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀, tàbí oúnjẹ tó dà bí èyí tí ìyá ẹni sè. Ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá pe obìnrin ní "homely", wọ́n ń sọ pé kò lẹ́wà ni. Bó bá ṣe pé Amẹ́ríkà ni lẹ́tà náà gbà lọ, ǹ bá ti bú ọmọ ọlọ́mọ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé kan ṣoṣo.

Nílẹ̀ wa níbí, bí ẹnìkan bá ní "she is simple", gbogbo wa ló yé: kò gbéra ga, kò ṣòro bá gbé. Gẹ̀ẹ́sì tiwa nìyẹn, mi ò sì ní pè é ní àṣìṣe nínú ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mi ti jáde nílé. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù láti ọjọ́ náà ni pé ọ̀rọ̀ kan náà lè yọ obì ní Ìbàdàn kó sì yọ ọfà ní Manchester.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbàgbọ́ kí n tó tú ẹrù mi. Etí tí a fi ń mọ ìyàtọ̀ láàárín irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, a ti ní in tẹ́lẹ̀. Ìyá wa ló fún wa, nínú èdè Yorùbá. Ìgbà tí a dé kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní ká bọ́ etí náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wá fún wa ní ìwé tí wọ́n to ọ̀rọ̀ sí ní méjì méjì: èyí dọ́gba pẹ̀lú tọ̀hún, tọ̀hún dọ́gba pẹ̀lú èyí. Ibẹ̀ ni nǹkan ti wọ́.

Ẹ wo obìnrin kan ṣoṣo. Ọkọ rẹ̀ ní ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Aládùúgbò ní ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí i ní ó gbẹ hangogo. Ẹ gbé obìnrin náà sórí ìwọ̀n, kò fi kílò kan dín, kò fi kílò kan lé. Ara rẹ̀ kò yí padà, ojú tí wọ́n fi wò ó ló yí padà. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tó máa kí ìyàwó tuntun pé ó gbẹ hangogo, kódà bí ọmọ náà bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ta ló kọ́ ọ? Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sójú pátákó fún un. Ó gbọ́ ẹni tó ń sọ ọ́, ó rí ojú tí wọ́n fà ro nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, ó sì tọ́jú gbogbo rẹ̀ pa pọ̀.

Wàyí o, ẹ mú obìnrin náà wọnú Gẹ̀ẹ́sì. "Slender" ni pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹwà wà nínú rẹ̀. "Slim" náà jẹ́ ìyìn, wọ́n kàn ń lò ó lójoojúmọ́ ju "slender" lọ ni. "Thin" kò yìn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ bú. Ohun tí dókítà máa sọ nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé àníyàn ló ń fi sọ ọ́. "Skinny" ni hangogo. "Emaciated" ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà pátápátá: ebi tàbí àìsàn ló sọ ẹni bẹ́ẹ̀ di egungun, òun sì ni àwọn oníròyìn máa ń lò fún ẹni tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ gbogbo márààrún sí ìlà kan nínú ìwé rẹ̀, tó fi àmì ọgbọọgba sáàárín wọn, kò tíì kọ́ nǹkan kan. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Bertrand Russell, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi irú ọ̀rọ̀ yìí dá àrà lórí rédíò BBC ní ọdún 1948. Ó mú ìwà kan ṣoṣo, ó gbé e yí ẹni mẹ́ta ká. Bó bá jẹ́ èmi ni mo hu ìwà náà, mo jẹ́ "firm". Bó bá jẹ́ ìwọ, o jẹ́ "obstinate". Bó bá jẹ́ ẹni tí kò sí láàárín wa, "pig-headed" ni. Àwa náà kúkú mọ eré yìí. Èmi dúró lórí òtítọ́. Ìwọ lágídí. Ti tọ̀hún, olóríkunkun ni. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, mi ò jẹ́ kọ ọ̀rọ̀ àpèjúwe sí ènìyàn lára láì bi ara mi pé ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí, kí ló sì ń fẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ rò. Ọmọ tí kì í jáwọ́ nínú iṣẹ́, bí ẹ bá ń jẹ́rìí fún un, ẹ pè é ní "determined". Ẹ má pè é ní "stubborn", àfi bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gba ìbọn yẹn mọ́ yín lọ́wọ́ lọ yìn ín. Ẹ sì ṣọ́ "persistent" gan-an, nítorí ó lè dára, ó sì lè bu ènìyàn jẹ: ikọ́ tí kò lọ, òjò tí kò dá, ẹni tó ń fi fóònù dààmú ẹni, gbogbo wọn ni "persistent".

Ọ̀rọ̀ owó ni ibi tí mo ti rí i tó ń ṣe àwọn oníṣòwò wa ní jàǹbá jù. Ní Yorùbá, ọjà pọ́ọ́kú kò ní àbùkù. Ẹni tó ń polówó lè fi gbogbo ẹnu ké e, ayọ̀ ni fún oníbàárà. "Cheap" kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè sọ pé owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì tún lè máa sọ lábẹ́lẹ̀ pé ọjà ọ̀hún kò níláárí, pé yóò ya bó bá wọ omi lẹ́ẹ̀kan. Télọ̀ tó kọ "cheap clothes" síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rò pé òun ń pe ènìyàn wọlé ni. "Affordable" ń wo àpò oníbàárà, ó ń sọ pé apá yín á ká a. "Inexpensive" kàn ń sọ iye owó, kò fọwọ́ kan bí ọjà ṣe dára sí. Bí ẹ bá wá pe ìwà ènìyàn ní "cheap", ẹ ti sọ pé ẹni náà rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Àwọn tó ń ta mọ́tò tòkunbọ̀ mọ ọ̀rọ̀ ṣà jù wá lọ, mo sì ń fi tọkàntọkàn yìn wọ́n. Wọ́n ní "fairly used". Ẹ wo iṣẹ́ tí "fairly" ń ṣe níbẹ̀: ó fi ọwọ́ nu ojú "used" mọ́, bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀dà pa mọ́tò. Nílùú ọba, "used car" tàbí "second-hand car" ni wọ́n máa pè é, àwọn olùtajà ńláńlá á ní "pre-owned", kí ó lè dà bíi pé ẹnìkan ti bá yín tọ́jú rẹ̀. Mọ́tò kan náà ni o.

Ẹni tó mọ owó ná ní orúkọ tirẹ̀, "thrifty". Ẹni tó yàn láti máa fi díẹ̀ gbé ayé jẹ́ "frugal". Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ há jẹ́ "stingy", ahun gidi sì ni "miserly". Níbí ni mo ti máa ń rí àṣìṣe tí kò yẹ kó wáyé mọ́: wọ́n á ní mọ́tò kan jẹ́ "economic" nítorí pé kì í mu epo púpọ̀. Rárá. Mọ́tò tí kì í mu epo jẹ́ "economical". "Economic" ni ti ètò ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni "historic" àti "historical". Ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1960, tí Nàìjíríà gba òmìnira, jẹ́ "historic", nítorí ohun ńlá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Eré orí ìtàgé tó bá ń sọ nípa ayé àtijọ́ jẹ́ "historical", ìbáà jẹ́ eré tí ẹni kankan kò ní rántí lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ orí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà níbí ló fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú. Ẹ mọ̀ pé arúgbó àti àgbàlagbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Kò sí ẹni tó máa dúró níwájú bàbá bàbá rẹ̀ kó pè é ní arúgbó kí ilé má gbóná. Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú ọ̀wọ̀ yìí, ó kàn fi pamọ́ ni. "Old man" le létí. "Elderly" rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń ní òórùn ibùsùn àti ọ̀pá ìtilẹ̀ lára. Ní ilé ìwòsàn ìjọba nílùú ọba lónìí, "older people" ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹ sì wo ohun ìyanu tó wà níbẹ̀: gírámà tí a kọ́ yín sọ pé "older" ju "old" lọ. Ṣùgbọ́n "an older woman" sábà máa ń kéré lọ́jọ́ orí sí "an old woman"! Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wúwo jù ni wọ́n fi ń dẹ ọ̀rọ̀ lára. Kò sí ìwé òfin gírámà tó lè fi ìyẹn yé ènìyàn. Etí nìkan ló ń gbọ́ ọ.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ lórí ojú tí ọ̀rọ̀ fi ń wo nǹkan. Ó tún ní àwọn tó ń bá rìn. A ní ọ̀sán gangan. A kì í ní òru gangan. Òru ọ̀gànjọ́ ni. Òwúrọ̀ ní kùtùkùtù tirẹ̀. Ìlúmọ̀ọ́ká ń bá olórin rìn, ó ń bá òṣèré rìn. Ẹni tó bá ní ìlúmọ̀ọ́ká adigunjalè, a ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ògbólógbòó ló ń bá olè rìn. Ẹ ò rí i pé ẹ ti mọ ìyàtọ̀ "famous" àti "notorious" kí ẹ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan? Àwọn méjèèjì ni gbogbo ayé mọ̀; ohun tí wọ́n fi mọ̀ wọ́n ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n "popular" ni ó ń tàn wá jẹ. Nílé wa, ẹnikẹ́ni tí ojú bá ti mọ̀ la máa ń pè ní "popular", bí ìgbà tí a ní gbajúmọ̀, ẹni tí igba ojú mọ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ti òkè òkun, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn ni "popular". Ẹni tí wọ́n mọ̀ tí wọn kò fẹ́ràn kì í ṣe "popular" níbẹ̀, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ dún tó.

Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Tíì tó bá ki jẹ́ "strong", kì í jẹ́ "powerful". Ẹ́ńjìnnì mọ́tò jẹ́ "powerful". Òjò ńlá jẹ́ "heavy", ẹ̀fúùfù líle jẹ́ "strong". Kí ló dé? Kò sí ìdí tí mo lè fi ọwọ́ tọ́ka sí, bí kò ti sí ìdí tí òru kò fi gba gangan. Bí wọ́n ṣe bá a nílé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ wa kékeré yẹn, ga, ló ń fa wàhálà jù lọ láàárín àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní: òkè ga, ilé ga, ènìyàn ga, pẹpẹ ìwé ga. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì. Ohun tó dúró láti ilẹ̀ tí ara rẹ̀ kò fẹ̀, bí ènìyàn, igi, òpó iná, jẹ́ "tall". Òkè, ògiri, àjà ilé, jẹ́ "high", pẹpẹ tó jìnnà sílẹ̀ náà jẹ́ "high". Ọmọ kan kọ ọ́ nínú ìwé àròkọ rẹ̀ rí pé bàbá òun jẹ́ "high". Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ẹni tó mu igbó yó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ pàápàá kò fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rírìn yìí ṣeré. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Sinclair àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Birmingham kó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ sínú kọ̀ǹpútà, láti inú ìwé, ìwé ìròyìn àti ọ̀rọ̀ ẹnu, kí wọ́n lè rí ohun tó ń dúró sọ́tùn-ún àti sósì ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwé atúmọ̀ tó tinú iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1987. Lẹ́yìn wọn, ní nǹkan bí ọdún 1994, àwọn mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì parí àkójọ tó tó 100 mílíọ̀nù ọ̀rọ̀. Ẹ wo iye iṣẹ́ tí àwọn tó ni èdè ṣe kí wọ́n lè mọ bí àwọn fúnra wọn ṣe ń sọ ọ́. Àwa tí a yá a lò, ṣé ká wá fi àmì ọgbọọgba parí tiwa?

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló kó irú ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó báyìí sínú èdè kan. Ogun ni. Ní ọdún 1066, William, ìjòyè tó ń ṣàkóso agbègbè Normandy nílẹ̀ Faransé, kọjá òkun, ó sì gba ìtẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún nǹkan bí 300 ọdún, Faransé ni wọ́n ń sọ láàfin àti láàárín àwọn ọlọ́lá, Látìn ni ti ìjọ àti ti ọ̀mọ̀wé, àwọn mẹ̀kúnnù ló di Gẹ̀ẹ́sì mú. Ọdún 1362 ni wọ́n tó ṣe òfin pé kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ nílé ẹjọ́. Kò sí èyí tó lé èkejì jáde tán. Gbogbo wọn jókòó sínú ilé kan, wọ́n pín iṣẹ́ ṣe. Ìdí nìyẹn tí ọba fi ní ọ̀rọ̀ àpèjúwe mẹ́ta: "kingly" ti ọmọ onílé, "royal" láti inú Faransé, "regal" láti inú Látìn. Ìdílé ọba jẹ́ "royal", kò sẹ́ni tó máa pè é ní "kingly family". Bí obìnrin kan bá ń rìn bí olorì tí kì í sì í ṣe olorì, "regal" ni ìrìn rẹ̀. Àwa náà ní irú rẹ̀. Sùúrù tí a gbà láti inú èdè Lárúbáwá kò lé ìfaradà lọ, iṣẹ́ wọn kò sì jẹ́ ọ̀kan.

Ẹ mú "motherly" àti "maternal". Ọ̀rọ̀ ilé ni ti àkọ́kọ́, ọ̀yàyà wà nínú rẹ̀. Tíṣà tí kò bímọ rí lè jẹ́ "motherly" sí gbogbo kíláàsì. "Maternal" wọ aṣọ iṣẹ́: ikú àwọn abiyamọ jẹ́ "maternal mortality", ẹ̀gbọ́n ìyá yín lọ́kùnrin jẹ́ "maternal uncle", bí kò tilẹ̀ fún yín ní kọ́bọ̀ rí. Ẹni tó bá fi "motherly" sí ọ̀rọ̀ ikú yẹn yóò dun àwọn tó ń gbọ́ ju bó ti rò lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ jókòó sí náà tún ń yí i padà. "My late father" túmọ̀ sí olóògbé bàbá mi. "My father is late", lẹ́nu wa níbí, ọ̀pọ̀ ń fi sọ pé bàbá ti kú. Lẹ́nu ọmọ ìlú ọba, bàbá ń bọ̀, ó kàn pẹ́ lọ́nà ni. Mo gbọ́ ti ọmọ wa kan tí wọ́n béèrè bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì kan lọ́hùn-ún, tó fi ìbànújẹ́ dáhùn pé "he is late". Akọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò burú, àwọn á dúró dè é. Ẹ ro bí ọkàn ọmọ náà ṣe rí ní ìṣẹ́jú yẹn. Kò sí ẹni tó ṣẹ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ti fọwọ́ kan egbò.

"Sick" àti "ill" náà ń bẹ. A lè ní "a sick child", a kì í fi bẹ́ẹ̀ ní "an ill child". "Ill" fẹ́ràn láti jókòó sẹ́yìn. Nílùú ọba pàápàá, "he was sick" sábà máa ń sọ pé ó bì. Ọmọ kan tí mo kọ́, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀ báyìí, sọ fún mi pé lóru àkọ́kọ́ tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá òun ní ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin ti "sick" lẹ́ẹ̀mejì. Ó ro ó títí: aláìsàn ni kúkú, báwo ló ṣe máa ṣàìsàn lẹ́ẹ̀mejì láàárín òru kan? Orí rẹ̀ pé, ó béèrè. Bí kò bá béèrè ni, tí ó kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe yé e, dókítà tó ń bọ̀ láàárọ̀ kò ní mọ̀ pé èébì ń gbẹ omi lára ẹni náà. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ kan kan èyí tó jẹ́ tiwa gan-an. Ní Yorùbá, a ní ẹ̀kọ́ náà sú mi. Ẹ̀kọ́ ló ń ṣiṣẹ́, èmi ni ó ṣe é fún. Nígbà tí a bá mú un lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì, a máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "I", a ó sì sọ pé "I am boring". Háà! Ẹ ti sọ pé ẹ̀yin ni ẹ ń sú àwọn ènìyàn. Ohun tó sú yín jẹ́ "boring", ẹ̀yin jẹ́ "bored". Bákan náà ni "confusing" àti "confused", "disappointing" àti "disappointed". Ẹ wá ẹni tó ṣe é àti ẹni tí wọ́n ṣe é fún, bí Yorùbá ṣe tò wọ́n gẹ́lẹ́, ẹ ò ní ṣì í.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń múra sílẹ̀ fún JAMB, mo mọ ìbéèrè tó wà lọ́kàn yín. Nínú ìwé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ní kí ẹ mú ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ èyí tí wọ́n kọ jù lọ. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: wọ́n ní èyí tó sún mọ́ ọn jù. Wọn kò ní èyí tó jẹ́ ọ̀kan náà. Àwa tíṣà la sọ ọ́ di ọ̀kan náà, mo sì tọrọ àforíjì fún ìpín tèmi nínú rẹ̀. Gbólóhùn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sí ni kí ẹ kà kí ẹ tó wo A, B, C, D. Dókítà Roget, oníṣègùn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó to àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra sójú kan nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1852 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 73, ṣe iṣẹ́ ńlá fún ẹni tó ti mọ ọ̀rọ̀ tó sì gbàgbé rẹ̀. Fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n, ọjà tí kò sí ẹni tó ń dá iye lé nǹkan ni. Ẹ ra ìwé atúmọ̀ tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ń fi gbólóhùn ṣàpẹẹrẹ. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ má kọ ẹnìkejì rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ẹ kọ gbólóhùn tí ẹ ti bá a pàdé, ẹni tó sọ ọ́, àti bí inú onítọ̀hún ṣe rí. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kọ "skinny", ẹ kọ hangogo sí i, ẹ má kọ "thin".

Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀ mi níbòmíràn lọ́jọ́ kan, màmá kan dìde. Wọ́n ní, "Tíṣà, lẹ́tà ọmọ yẹn ńkọ́? Kí lẹ wá kọ nígbẹ̀yìn?" Mo tún lẹ́tà náà kọ. Dípò "simple", mo kọ "unassuming", ẹni tí kì í fi ara rẹ̀ ṣe bàbàrà. Dípò "homely", mo kọ "warm", mo sì fi àpẹẹrẹ kan sí i, nípa bó ṣe tọ́jú mi nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn mí. Wọ́n gbà á síṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tó dá mi dúró ní ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ sọ pé ọmọlúàbí ni. Mo gbé "decent" wò, ó kéré. "Virtuous" wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. "Honourable" ti di oyè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa. "Well-bred" fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ mi lọ́rùn, títí mo fi rántí pé wọ́n ń lò ó fún ẹṣin àti ajá. Mo pa gbogbo wọn rẹ́, mo kọ "a young woman of good character", mo sì lọ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́.